Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́: Ọmọ Abẹ́òkúta tó bínú sí London, tó wá wá ilé síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà

Lóṣù Kẹfà ọdún 1924, èdè Yorùbá dún lórí rédíò nílùú London. Rédíò fúnra rẹ̀ ṣì jẹ́ ohun tuntun nígbà náà, kò tíì pé ọdún méjì tí wọ́n dá BBC sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin kan láti Abẹ́òkúta ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ lorúkọ rẹ̀, òun sì ni wọ́n mọ̀ sí ẹni àkọ́kọ́ tó sọ èdè Yorùbá lórí afẹ́fẹ́.

Oṣù mẹ́ta péré ṣáájú ìgbà náà, ìwé ìròyìn kan ní London kan náà gbé e jáde pé jíjẹ ẹran ènìyàn àti òògùn ìkà wọ́pọ̀ ní Nàìjíríà, àti pé kò tíì pẹ́ tí wọ́n jáwọ́ níbẹ̀. Ṣólańkẹ́ ka ìròyìn náà, inú bí i, ó sì kọ̀wé láti fèsì.

Ìlú kan náà ló ṣe nǹkan méjèèjì yìí fún un láàárín oṣù mẹ́ta. Bí ìgbé ayé rẹ̀ níbẹ̀ sì ṣe rí nìyẹn fún ọdún 36. London á fi ọwọ́ kan ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, á tún fi ọwọ́ kejì ṣí òmíràn fún un. Ó bá ìlú náà jà, ó tọrọ owó káàkiri Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kó lè rí ilé kan níbẹ̀, ìgbà tó sì yẹ kó di ẹrù rẹ̀ padà sílé, ibẹ̀ náà ló kú sí.

Ta ni Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́?

Ní nǹkan bí ọdún 1886 ni wọ́n bí Ọládípọ̀ Felix Ṣólańkẹ́ ní Abẹ́òkúta. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ St Andrew's nílùú Ọ̀yọ́, níbi tí àwọn ìjọ CMS ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́.

Lẹ́yìn èyí ló lọ sí Fourah Bay College ní Freetown, lórílẹ̀-èdè Sierra Leone. Ilé ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe àjèjì sí àwọn Yorùbá, torí ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther ti kàwé lọ́dún 1827. Nígbà ayé Ṣólańkẹ́, ó ti so pọ̀ mọ́ Yunifásítì Durham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oyè Durham sì ni àwọn tó bá yege níbẹ̀ máa ń gbà.

Freetown ṣe pàtàkì fún un lọ́nà mìíràn. Ìlú náà kún fún ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ lóko ẹrú, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ Yorùbá. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ á mọ̀ pé ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Sierra Leone, ọmọ Gold Coast tó di Ghana lónìí àti ọmọ Gambia lè jókòó sídìí tábìlì kan náà. Èrò yìí kò kúrò lọ́kàn Ṣólańkẹ́ títí tó fi kú.

Lọ́dún 1922, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí London láti kọ́ ìmọ̀ òfin ní University College. Kì í ṣe ọmọdé mọ́ nígbà náà, ó ti lé lẹ́ni ọgbọ̀n ọdún dáadáa. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò jẹ́ ọ̀kan lára ìwọ̀nba iṣẹ́ tí ọmọ Áfíríkà lè fi dá dúró láìjẹ́ pé ó ń retí owó oṣù lọ́wọ́ ìjọba amúnisìn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé ẹni tó bá lọ á kàwé fún ọdún mélòó kan, á gba ìwé ẹ̀rí, á sì padà wálé wá jẹun níbi iṣẹ́ rẹ̀.

Kí ló bá pàdé ní Ìlú Ọba?

Nílé, iyì ńlá ló jẹ́ láti sọ pé èèyàn ti Ìlú Ọba dé. Ohun tí kò sí nínú ìtàn táwọn tó ti lọ ń sọ ni bí wọ́n ṣe gbé níbẹ̀.

London tí Ṣólańkẹ́ bá jẹ́ ìlú tó ní èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù méje. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó wà láàárín wọn kò tó nǹkan rárá. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Áfíríkà bá rí ìkéde yàrá tí wọ́n fẹ́ fi háyà, tó sì lọ kan ilẹ̀kùn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n sọ fún un pé ẹlòmíràn ti gbà á. Bó bá kúrò níbẹ̀, ìkéde náà á ṣì wà lójú fèrèsé. Kì í ṣe òfin ló sọ pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì sí òfin tó sọ pé kí wọ́n má ṣe é.

Owó kò sí lọ́wọ́ Ṣólańkẹ́. Ó ń kọ́ àwọn èèyàn ní èdè Yorùbá kó lè rí nǹkan mú dání. Níbi iṣẹ́ yìí ló ti rí ohun tó dùn ún ju ọ̀rọ̀ àwọn onílé lọ. Ọ̀pọ̀ lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Áfíríkà bíi tirẹ̀ kò ka èdè àti àṣà ilẹ̀ wọn sí. Òyìnbó ń kọ́ Yorùbá, ọmọ Yorùbá ń sá fún un.

Lóṣù Kẹrin ọdún 1924 ni wọ́n ṣí ìpàtẹ ńlá kan ní Wembley láti fi gbogbo ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì han aráyé. Wọ́n fi ògiri yí ibi kan ká fún Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, wọ́n sì kó àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wá láti Nàìjíríà àti Gold Coast. Èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe ń hunṣọ àti bí wọ́n ṣe ń gbé ìgbé ayé wọn. Àwọn ìwé ìròyìn kan wá fi wọ́n ṣe ẹ̀sín.

Ìwé ìròyìn Evening News ló gbé ọ̀rọ̀ jíjẹ ẹran ènìyàn náà jáde lóṣù Kẹta, kí wọ́n tó ṣí ìpàtẹ yìí. Ṣólańkẹ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn West Africa, tí àwọn tó ń bá Áfíríkà ṣòwò àti àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà ní London máa ń kà. Ó ní irọ́ ni wọ́n pa, ó sì ṣàlàyé ìpalára tí irú irọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé láàárín àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn náà lójoojúmọ́.

Báwo ni lẹ́tà kan ṣe mú Ìyálóde wá?

Lẹ́tà yẹn bọ́ sí ọwọ́ obìnrin ọmọ Jamaica kan tó wà ní London nígbà náà, Amy Ashwood Garvey. Òun ni ìyàwó àkọ́fẹ́ Marcus Garvey, wọ́n sì ti kọ ara wọn sílẹ̀. Ó ti bá ọkọ rẹ̀ àtijọ́ dá ẹgbẹ́ ńlá sílẹ̀ rí, ó sì mọ bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn jọ. Ó wá Ṣólańkẹ́ kàn.

Lóṣù Keje ọdún 1924, àwọn méjèèjì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà mélòó kan dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Nigerian Progress Union. Èèyàn 13 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà fi Amy Ashwood Garvey jẹ oyè Ìyálóde.

Ó yẹ kí èèyàn ro oyè yìí dáadáa. Ọmọ Abẹ́òkúta kan tí kò ní ilé, tí kò ní owó, wà nínú yàrá kan ní London, ó sì fi obìnrin tí wọ́n kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú kúrò ní Áfíríkà jẹ Ìyálóde. Lójú àwọn ará London tó ń kọjá níta, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Lójú àwọn tó wà nínú yàrá náà, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìlú tiwọn kalẹ̀ sínú ìlú onílùú.

WASU: Ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ ń wàásù

Ẹgbẹ́ Nàìjíríà nìkan kò tẹ́ Ṣólańkẹ́ lọ́rùn. Ó sọ pé òun lá àlá kan, àti pé ohun tí Ọlọ́run fi hàn òun nínú rẹ̀ ni pé ìyà ẹlẹ́yàmẹ̀yà kò ní tán lórí àwọn ọmọ Áfíríkà, nílé àti lókè òkun, àfi tí wọ́n bá fìmọ̀ ṣọ̀kan, tí wọ́n sì ran ara wọn lọ́wọ́. Yálà èèyàn gba àlá gbọ́ tàbí kò gbà á gbọ́, ohun tó ṣe lẹ́yìn náà bá a mu.

Lọ́dún 1920, àwọn ọ̀mọ̀wé láti ilẹ̀ mẹ́rin tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú kan sílẹ̀ ní Accra, lábẹ́ J. E. Casely Hayford. Dókítà Herbert Bankole-Bright láti Sierra Leone, tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn, wá sí London, ó sì gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn pé kí wọ́n ṣe irú rẹ̀.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1925, akẹ́kọ̀ọ́ 21 dá West African Students' Union sílẹ̀, èyí tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí WASU. J. B. Danquah láti Gold Coast wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jẹ ààrẹ rẹ̀, Casely Hayford ni bàbá ìsàlẹ̀, Ṣólańkẹ́ sì ni akọ̀wé àgbà. Ààrẹ ń lọ, ààrẹ ń bọ̀, akọ̀wé àgbà kò kúrò.

Lọ́dún 1926 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìròyìn tiwọn tí wọ́n pè ní Wãsù. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n nílò láti ṣàlàyé orúkọ yẹn fún. Ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì ti wàásù nípa Áfíríkà fún ìgbà pípẹ́, ó wá kan Áfíríkà láti wàásù nípa ara rẹ̀.

Ọdún 1926 náà ni Ṣólańkẹ́ di agbẹjọ́rò. Ohun tó gbé e wá sí London ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí ó bá wálé lọ́dún náà, ó ṣeé ṣe kó ní ọ́fíìsì ní Èkó tàbí Abẹ́òkúta, kó kọ́lé, kó sì di ọ̀kan lára àwọn ọlọ́lá ìlú. Kò wálé. Lọ́dún 1927 ó tẹ ìwé kan jáde tó fi gbèjà Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà níwájú àwọn orílẹ̀-èdè ayé, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹgbẹ́ lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ilé ló ń wá?

Ṣólańkẹ́ gbà pé ẹgbẹ́ tí kò ní ilé kì í pẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń sùn lọ́dọ̀ onílé tó kórìíra rẹ̀ kò ní lè kàwé, kò sì ní lè ronú. Akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin nínú òtútù gbọ́dọ̀ ní ibì kan tó lè lọ tààrà.

Lọ́dún 1928, Marcus Garvey fún WASU ní ilé kan lò ní West Kensington. Ọdún kan péré ni wọ́n lò níbẹ̀. Wọ́n tún padà sí ìta.

Kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tálákà nìkan ni ìlú náà ń ti ilẹ̀kùn mọ́. Lọ́dún 1929, wọ́n kọ̀ láti ta oúnjẹ fún Paul Robeson ní hótẹ́ẹ̀lì Savoy, bẹ́ẹ̀ òṣèré àti olórin tí gbogbo London ń sanwó láti wò ni. Robeson náà di ọ̀kan lára àwọn bàbá ìsàlẹ̀ WASU nígbà tó yá.

Ọdún 1929 yìí ni Ṣólańkẹ́ kúrò ní London, kì í ṣe láti wá jókòó sílé, bí kò ṣe láti wá owó. Ó rin Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ká títí di ọdún 1932. Ó ń bá àwọn ọba, àwọn oníṣòwò, àwọn agbẹjọ́rò àti àwọn olùkọ́ sọ̀rọ̀, ó sì ń dá ẹ̀ka WASU sílẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ohun kan náà ló ń bẹ̀ wọ́n fún: kí wọ́n dáwó fún ilé kan ní London.

Nǹkan tó bẹ̀bẹ̀ fún yìí kò rọrùn láti yé èèyàn. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dáwó náà kò ní rí London láéláé. Ṣùgbọ́n ọmọ wọn lè lọ, tàbí ọmọ aládùúgbò wọn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe kó owó ilé náà jọ.

Ọpẹ́olú, Ìyá WASU

Nígbà tí Ṣólańkẹ́ padà sí London lọ́dún 1932, kò dá lọ. Ó ti fẹ́ Ọpẹ́olú Ọbísanyà, wọ́n sì jọ lọ. Lọ́dún 1933, WASU ṣí ilé rẹ̀ ní nọ́ńbà 62, Camden Road, ní àríwá London. Ọkọ ni alábòójútó, ìyàwó sì ni ìyá ilé.

Láti ìgbà yìí lọ, a kò lè sọ ìtàn Ṣólańkẹ́ ká yọ Ọpẹ́olú kúrò níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é ní ìyá, orúkọ Mama WASU sì mọ́ ọn lára. Ó ń se oúnjẹ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà fún wọn: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, ọbẹ̀ ẹ̀pà àti àwọn mìíràn tí kò rọrùn láti rí rà ní London ìgbà náà. Ẹni tó bá ti lo oṣù mẹ́ta lórí ọ̀dùnkún bíbọ̀ tí kò níyọ̀ lè sọ ohun tí irú àwo bẹ́ẹ̀ já mọ́.

Ìgbà yìí náà ni ìwà Ṣólańkẹ́ sí London bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Lọ́dún 1924 ó jẹ́ àlejò tó ń kọ lẹ́tà ìbínú sí ìwé ìròyìn. Lọ́dún 1933 ó di onílé tó ń gbàlejò. Àwọn aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òǹkọ̀wé, àwọn ọba láti ilé àti àwọn aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà àti West Indies ń wá jókòó sínú ilé rẹ̀. London tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ti wá ń kan ilẹ̀kùn tirẹ̀.

Ìjà lórí Aggrey House

Àlàáfíà kò pẹ́. Iléeṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń rí sí àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso náà fẹ́ ní ilé tirẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà. Lọ́dún 1934 wọ́n ṣí Aggrey House ní Doughty Street, wọ́n sì fi orúkọ Ọ̀mọ̀wé James Aggrey láti Gold Coast pè é.

Lójú Ṣólańkẹ́, páńpẹ́ ni. Ó ní ìjọba fẹ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábẹ́ òrùlé kan kí wọ́n lè máa ṣọ́ ohun tí wọ́n ń sọ àti ohun tí wọ́n ń kà. WASU tẹ ìwé kékeré kan jáde láti fi tú àṣírí ètò náà, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ má ṣe dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà pín àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn kan gbà pé ibùsùn ni ibùsùn, ẹni yòówù kó tẹ́ ẹ. Àwọn kan bá Ṣólańkẹ́ lọ.

Nígbà tí ọmọ ogun Ítálì wọ Ethiopia lọ́dún 1935, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. WASU dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ láti gbèjà Ethiopia, ọ̀pọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì wá rí i pé òfin àwọn orílẹ̀-èdè ayé kò dá aláwọ̀ dúdú nídè, kódà nígbà tó jẹ́ ọba lórí ilẹ̀ ara rẹ̀.

Síbẹ̀, ilé ń gba owó. Háyà wà, èédú wà, oúnjẹ wà. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1930, ìjọba àti WASU ti yanjú ìjà wọn, ìjọba sì ń fún ẹgbẹ́ náà ní ìrànwọ́. Lọ́dún 1938, WASU ra ilé tirẹ̀ pátápátá ní South Villas, ní Camden. Ṣólańkẹ́ gba owó lọ́wọ́ àwọn tó bá jà, kí òrùlé lè dúró lórí àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn kan kò dárí èyí jì í. Ṣùgbọ́n àwọn tó sùn sí ilé náà kò sùn síta.

Ogun dé, ọ̀rọ̀ òmìnira náà dé

Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1939, bọ́ǹbù sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sórí London lọ́dún 1940. Onílùú àti àlejò jọ ń sá wọ abẹ́ ilẹ̀ ni.

Lóṣù Kẹjọ ọdún 1941, Churchill àti Ààrẹ Roosevelt ti Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn kan tó sọ pé gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti yan irú ìjọba tí wọ́n fẹ́. Clement Attlee, tó jẹ́ igbákejì Churchill nínú ìjọba ìgbà ogun, bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ WASU sọ̀rọ̀ lóṣù náà, ó sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àdéhùn náà kan ẹ̀yà gbogbo. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Churchill sọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin pé àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó wà lábẹ́ Jámánì ni àwọn ní lọ́kàn.

WASU kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Lóṣù Kẹrin ọdún 1942 wọ́n kọ̀wé sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n jẹ́ kí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà máa ṣàkóso ọ̀rọ̀ abẹ́lé rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì ṣèlérí òmìnira pátápátá láàárín ọdún márùn-ún lẹ́yìn ogun. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ òṣèlú Labour kan, bíi Reginald Sorensen, ń bá wọn gbé ọ̀rọ̀ wọn dé ilé ìgbìmọ̀.

Èyí ni ìgbà tí London wúlò jù lọ fún Ṣólańkẹ́. Ó ti wá yé e pé ìlú tó ń dun òun yìí náà ni wọ́n ti ń pinnu ọ̀rọ̀ Èkó, Accra àti Freetown, ẹni tó bá sì fẹ́ yí ìpinnu náà padà gbọ́dọ̀ wà nítòsí.

Nígbà tó padà dé, àyè rẹ̀ ti yí

Lọ́dún 1944, ó tún padà sí Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà láti wá owó fún ilé tó tóbi jù. Ó tó ọdún mẹ́rin kó tó padà.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Kwame Nkrumah dé London lọ́dún 1945, ó sì di igbákejì ààrẹ WASU. Lóṣù Kẹwàá ọdún náà, àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn ọmọ West Indies ṣe ìpàdé ńlá kan ní Manchester, níbi tí wọ́n ti béèrè òmìnira láìfọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ọ́báfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní London, dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1945 kan náà.

Nígbà tí Ṣólańkẹ́ padà dé lọ́dún 1948, àwọn ọ̀dọ́ ló wà nídìí ẹgbẹ́. Joe Appiah láti Gold Coast wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti ìjọba alájùmọ̀ní ló wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn. Lójú wọn, bàbá tó ń bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jókòó mu tíì ti ń falẹ̀ jù. Lójú tirẹ̀, àwọn ọmọ tó bá ilé nílẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Lọ́dún 1949, WASU ṣí ilé mìíràn ní Chelsea Embankment, létí odò Thames. Ìdí tó fi rin ìrìn àjò ọdún mẹ́rin ti wá sí ìmúṣẹ, ṣùgbọ́n agbára ti ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn, kò sí nínú ìdarí ẹgbẹ́ náà mọ́. Òun àti Ọpẹ́olú kò jáwọ́ nínú gbígba akẹ́kọ̀ọ́ sílé, àmọ́ kò tún rí bí ti tẹ́lẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ tiwọn ṣe. Èrò pé kí gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà jẹ́ ọ̀kan, èyí tó ti gbé láti Freetown, ń tú ká lójú rẹ̀.

Àjò tí onílé kò ti padà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àwọn tí Ṣólańkẹ́ gbà sílé ń relé lọ́kọ̀ọ̀kan. Lóṣù Kẹta ọdún 1957, Gold Coast gba òmìnira, ó di Ghana, Nkrumah tó ti jẹ́ igbákejì ààrẹ WASU sì ni olórí ìjọba rẹ̀. Danquah, tó ti jẹ ààrẹ WASU rí, wà lára àwọn alátakò. Lóṣù Kẹjọ ọdún náà, ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkóso ara rẹ̀ lábẹ́ Awólọ́wọ̀. Ṣólańkẹ́ wà ní London, ó ń gbọ́ ìròyìn.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1958, àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á nílùú náà. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Ní ìparí oṣù kan náà, àwọn aṣáájú Nàìjíríà péjọ sí London fún ìpàdé lórí òfin orílẹ̀-èdè. Níbi ìpàdé yẹn ni wọ́n ti fẹnu kò sí ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1960 gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ òmìnira. Bí ó bá fi oṣù méjì péré pẹ́ sí i, á gbọ́ ọjọ́ náà létí ara rẹ̀, nínú ìlú tó ti ń béèrè rẹ̀ láti ìgbà tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níbi ìpàdé náà ṣì wà nílé ẹ̀kọ́.

Ṣé ó fẹ́ràn London nígbẹ̀yìn? Kò sí ìgbà kan tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ìlú náà tán, kò sì sí ìgbà kan tí Ṣólańkẹ́ sọ pé ó tán. Ohun tó yí padà ni ipò tirẹ̀ nínú ìlú náà. Ó dé bí ẹni tó ń wá yàrá, ó sì kú bí ẹni tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn sílé rẹ̀. Àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Abidjan àti Bouaké, àti àwọn tó ń gbé ní Peckham lónìí, mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń tẹ́ ẹní fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ó sì lè jẹ́ pé torí ẹní yẹn ni kò ṣe ní lè padà sílé mọ́.

Ṣólańkẹ́ kò padà wá gbé Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé rẹ̀ padà: lẹ́tà, àkọsílẹ̀ ìpàdé àti ìwé owó ilé tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ ní London. Ibi ìkówèésí Yunifásítì Èkó ni wọ́n wà báyìí, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ ti lè jókòó kà wọ́n láìsanwó háyà fún ẹnikẹ́ni.